Bí A Ṣe Ń Yan Dùùrù fún Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Ẹni tó bá fẹ́ ra dùùrù oníná fún ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlù àti oríṣiríṣi ohùn inú rẹ̀ gba òun lọ́kàn, nítorí pé ara bọ́tìnì funfun àti dúdú tí ìka ń tẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Pianó gidi ní bọ́tìnì 88. 61 tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oní-32, ohun ìṣeré ni lójú tèmi.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù ní ọjà Ouando, ẹ ní kí ó tan án, kí ẹ tẹ bọ́tìnì kan jẹ́jẹ́, kí ẹ tún fi agbára tẹ ẹ́: bí ohùn méjèèjì bá dọ́gba, ọmọ náà kò ní lè kọ́ bí a ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ tàbí gbé e sókè. Ẹ tẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹ lè mọ èyí tó ti kú. Ẹ yẹ ṣájà rẹ̀ wò pẹ̀lú, bóyá ó lè gba iná tiwa, nítorí pé iná tiwa jẹ́ 220 fóòtì, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Èyí tó tún ń lo bátìrì ni mo fẹ́ràn jù. Ta ni kò mọ ìṣe iná mànàmáná?