Ọ̀fìnkìn tó ti ń lọ, tó tún padà dé pẹ̀lú ibà

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ní apá Mainland l'Ékòó níbí. Láti ìgbà náà, àwọn ará àdúgbò wa ní Surulere ti sọ iwájú ilé mi di kílíníìkì. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá, ẹnu tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mushin ni mo ti wá. Ọmọ mi ọlọ́dún méjì ní ọ̀fìnkìn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti ń sáré kiri. Àfi bí ara rẹ̀ ṣe tún gbóná bí iná lóru àná, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé ọ̀fìnkìn míì ló tún kó ni?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ka mímí rẹ̀ ná. Ẹ dúró dìgbà tí kò bá sunkún, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ máa ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bó bá ti tó 60, ó ti yá jù. Láti oṣù 2 títí kó tó pé ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí 5, 40. Bí ó bá ti yá jù, ilé ìwòsàn lónìí ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń fa èémí, bí kò bá lè mu omi, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí gìrì bá mú un, tàbí tó ń sùn tí ẹ ò lè jí i, ẹ má ka nǹkan kan mọ́, ẹ gbé e sáré. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń há ní Ikòròdú Road láago méje àárọ̀.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn míì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ti ń sàn, tó wá yí padà ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, tó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun tí èmi máa kọ́kọ́ fura sí ni òtútù àyà tí báktéríà fà lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì ti ṣe tirẹ̀ tán.

Ìbéèrè: Ọmọ tí kì í jáde nílé, níbo ló ti rí báktéríà?

Ìdáhùn: Nínú imú ara rẹ̀. Streptococcus pneumoniae, Haemophilus influenzae àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń gbé ẹ̀yìn imú èèyàn jẹ́jẹ́, pàápàá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, láìfa àìsàn kankan. Ẹ mọ òwe ògiri tí kò lanu, tí aláǹgbá ò fi ráyè wọ̀ ọ́. Tiwa yìí, aláǹgbá ti ń yá oòrùn lára ògiri tipẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ló wá la ògiri.

Bó ṣe ń là á rèé. Irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú ọ̀nà èémí tí ojú lásán ò lè rí, tó ń gbá ikun àti ìdọ̀tí sókè bí ìgbálẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì fulúù máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ni irun yìí. Ìgbálẹ̀ dá, ikun dúró sójú kan. Fulúù tún ní ohun kan bí àlùmọ́gàjí tó fi ń gé ṣúgà tó bo ara ọ̀nà èémí. Ibi tó bá gé ni báktéríà ti ń rí ibi dì mú. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀dọ̀fóró, tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé báktéríà mì, agara á ti dá àwọn náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú imú á wá yọ́ sọ̀kalẹ̀.

Irú aládùúgbò tó wà nínú imú náà tún lọ́rọ̀ nínú. RSV ni fáírọ́ọ̀sì tó máa ń dààmú ọmọ ọwọ́ jù. Àwọn olùwádìí rí i pé láàárín àwọn ọmọ tó mú, àwọn tí Haemophilus influenzae àti Streptococcus gba imú wọn kan ni wọ́n sábà máa ń bá ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Pé méjèèjì jọ rìn kò ní ká sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o.

Ìbéèrè: Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí mi. Bàbá wa àgbà máa ń sọ pé àrùn kan wọ Èkó lọ́dún 1918 tó pa èèyàn bí ẹní ń pa eṣinṣin. Ṣé fulúù lásán ló ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, fulúù sì ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà padà yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí fulúù náà pa lọ́dọ̀ wọn wò, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008, òtútù àyà báktéríà ni wọ́n bá lára ọ̀pọ̀ jùlọ. Kò sì sí àńtíbáyótíìkì, oògùn tó ń pa báktéríà, láyé ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́dún 1892, ará Jámánì kan, Richard Pfeiffer, rí báktéríà nínú kẹ́lẹ̀bẹ̀ àwọn tí fulúù ń ṣe, ó ní ọwọ́ òun ti tẹ ọ̀daràn. Ìyẹn ló di Haemophilus influenzae. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì gan-an lára èèyàn. Ẹni tó gba ojú ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fọ́ wọlé ni Pfeiffer mú, orúkọ ẹni tó fọ́ ọ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní.

Ìbéèrè: Kẹ́lẹ̀bẹ̀ mi ti di àwọ̀ ewé. Kẹ́mísìtì wa ní kápúsù pupa òun yẹ́lò ló kàn. Bí báktéríà bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣé kí n má kúkú tètè lò ó dè é?

Ìdáhùn: Rárá. Àwọn ọmọ ogun ara yín ló ń pa kẹ́lẹ̀bẹ̀ láró, ọ̀fìnkìn lásán sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àńtíbáyótíìkì ni kápúsù yẹn, kò sì lè fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì. Àwọn báktéríà tí kò ṣe yín ní nǹkan kan ló máa pa, olórí kunkun á kù nílẹ̀. Lọ́dún 2024, àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn nítorí COVID, ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní báktéríà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n fún nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ní àńtíbáyótíìkì. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá wọ kẹ́mísìtì kì í fẹ́ jáde lọ́wọ́ òfo. Bí ibà bá lọ tó padà, bí àyà bá ń gún yín tí ẹ bá fa èémí, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ́lẹ̀bẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ lọ.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi máa ń fi ẹnu fa ikun imú ọmọ, wọ́n sì ń kán àdí sí i nímú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ìdáhùn: Ẹ ní èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu àgbà kún fún báktéríà tirẹ̀. Àdí tiẹ̀ burú jù: òróró tó bá yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè jáde, ó lè dá àìsàn mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀. Omi oníyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú ọmọ ni kí ẹ kán sí i.

Ìbéèrè: Wọ́n ní abẹ́rẹ́ òtútù àyà tí wọ́n ń gún fún ọmọ, ti báktéríà ni. Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló dé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Wọ́n dán irú abẹ́rẹ́ yẹn wò ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2004: òtútù àyà tí wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, tó ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ fáírọ́ọ̀sì kankan rí! A jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ti fáírọ́ọ̀sì, báktéríà ti jókòó síbẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gún un, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, èmi ìyá Mushin ìjọsí ni. 54 ni mo kà. Wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ 5, èyí tó ń yọ́ nínú ṣíbí omi. Ọjọ́ kẹta rèé, ó ti ń ṣeré. Ṣé kí n pa ìyókù mọ́ dìgbà míì?

Ìdáhùn: Ẹ lò ó tán. Ẹ tún sọ fún mi níjọ́sí pé jẹnẹrétọ̀ wà ní kọ́rídọ̀ yín. Èéfín náà ń ba irun wẹ́wẹ́ tí mo sọ yẹn jẹ́, ó sì lè pa gbogbo yín mọ́jú. Ẹ bá lándílọ́ọ̀dù sọ ọ́ lálẹ́ yìí kí wọ́n gbé e jáde.