Ẹ ra tòmátì báyìí kí òjò tó dé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kò sẹ́ni tó bi mí o, ṣùgbọ́n ọjà Mile 12 l'Ékòó ni mo ti ń bọ̀ yìí, ẹnu mi ò sì lè dákẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni tòmátì máa ń ya wọlé láti òkè Ọya. Tójò bá ti dé, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń gbówó lórí.

Èyí tó ti rọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ ná, òun ló máa ń dínwó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ èyí tó bá ti hu funfun, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má wulẹ̀ gé ibẹ̀ kúrò.

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná láìbu omi sí i. Ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ kí epo tó kàn án. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kánjú, tí ọbẹ̀ fi ń kan lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín àlùbọ́sà àti irú wooro nínú epo pupa, kí ẹ wá da tòmátì àti ata rodo sí i. Ẹran ńkọ́? Ẹja ńkọ́? Irú ti ṣe iṣẹ́ wọn. Wàrà sóyà díndín lèmi máa ń jù sí i, ká fi jẹ iṣu.

Tòmátì tí ẹ ti sè gbẹ, tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dì í sínú ọ̀rá níwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn nínú fírísà. Tí iná bá lọ, wọn ò ní tètè yọ́.