Bí A Ṣe Ń Lo Bakitéríà Inú Ilẹ̀ Pẹ̀lú Ajílẹ̀ fún Ìrẹsì Àkùrọ̀

Bí ẹ bá fa ìdí ìrẹsì kan tu nínú àkùrọ̀ tí ara rẹ̀ dá, tí ẹ sì fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé àwọ̀ irin tó dógùn-ún ni gbòǹgbò náà ní. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ewé àti igi ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ ló ń pàdé irin tó wà nínú ẹrẹ̀, tó sì ń mú kó dógùn-ún. Ibi tóóró yìí, tí kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ ní àyíká gbòǹgbò, ni ọjà àwọn bakitéríà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn: ibẹ̀ ni ìrẹsì ti ń tú oje dídùn sílẹ̀ fún wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń san owó ohun tí wọ́n jẹ. Bí gbòǹgbò bá dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, omi ti dúró jù lórí ilẹ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà fà ná, nítorí kò sí bakitéríà tí ẹ lè rà tó máa tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àwọn tí a sábà máa ń rí nínú àpò tí wọ́n ń tà ni Azospirillum, Azotobacter, Bacillus àti Pseudomonas, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà. Azospirillum àti Azotobacter máa ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di oúnjẹ tí ewéko lè lò. Azospirillum tún máa ń pèsè èròjà tó ń mú kí gbòǹgbò pẹ̀ka wẹ́wẹ́, iṣẹ́ kejì yìí ni mo sì gbà pé ó ń sanwó jù fún onírẹsì, nítorí gbòǹgbò tó bá pọ̀ yóò lè kó ajílẹ̀ tí ẹ fi owó rà kí omi tó gbé e lọ. Láti inú ìmọ̀ tó wá láti Brazil, níbi tí Johanna Döbereiner ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bakitéríà yìí, ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ti wá. Ní ti àwọn irú Bacillus àti Pseudomonas kan, ásíìdì díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú sílẹ̀ láti gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ pupa wa ti dì mọ́ra. Ṣùgbọ́n Rhizobium àti àwọn ìbátan rẹ̀, tó ń ṣe kókó sára gbòǹgbò ẹ̀wà àti sóyà, kì í ṣe kókó sára gbòǹgbò ìrẹsì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta èyí tí wọ́n ṣe fún sóyà fún yín, ẹ má ṣe rà á.

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọsẹ̀ ni pé wọ́n rò pé bí bakitéríà bá ti wọ oko, ajílẹ̀ kò pọn dandan mọ́. Tọ́ọ̀nù ìrẹsì oníèèpo kan máa ń gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 15 sí 20 náítírójìn. Ẹni tó ń retí tọ́ọ̀nù mẹ́rin lórí hẹ́kítà kan, náítírójìn kìlógíráàmù 60 sí 80 ni ìrẹsì rẹ̀ yóò jẹ, bakitéríà nìkan kò sì lè pèsè gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kí a da yúríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, lélẹ̀ bí ẹni da iyẹ̀pẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni mímú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ jẹ́ fún bakitéríà, nígbà tí ó bá sì ti rí i lọ́pọ̀ yanturu nínú ilẹ̀, yóò dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Kò sí ẹni tó ń gbẹ́ kànga nígbà tí omi ẹ̀rọ ń ya lójúde rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n ajílẹ̀ àti àsìkò tí a fi sí i ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́.

Ìwọ̀n tí a sábà máa ń lò fún ìrẹsì àkùrọ̀ nílẹ̀ wa ni NPK 15-15-15 (ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù) kìlógíráàmù 200 àti yúríà kìlógíráàmù 100 lórí hẹ́kítà kan. Ní ti éékà kan, ìyẹn jẹ́ NPK kìlógíráàmù 80 àti yúríà kìlógíráàmù 40. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ bá lo bakitéríà, ẹ má ṣe dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí àǹfààní rẹ̀ lójú oko tiyín, ẹ lè dín yúríà kù sí kìlógíráàmù 24 lórí éékà kan, èyí tó dín gbogbo náítírójìn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. NPK ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: pòtásíọ̀mù kò sí nínú afẹ́fẹ́ tí bakitéríà lè mú un, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n ń yọ kò sì lè pọ̀ ju èyí tó wà nínú ilẹ̀ lọ. Koríko ìrẹsì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìkórè, tí ọ̀pọ̀ wa ń dáná sun, ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú pòtásíọ̀mù tí ìrẹsì fà lọ́wọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì rì í mọ́ ẹrẹ̀ kó lè jẹrà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí ẹ tó lọ́ ìrẹsì, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa bí ẹ bá rí i. Ibẹ̀ ni bakitéríà yóò ti rí oúnjẹ jẹ nígbà tí gbòǹgbò kò tíì pọ̀.

Ohun ẹlẹ́mìí ni ẹ ń rà, kì í ṣe kẹ́míkà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ọlọ́jà gbé e sí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, mo ra àpò mẹ́rin lórí pẹpẹ tí oòrùn ọ̀sán ń pa, mo sì tún gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo wá pò ó, mo bu yúríà díẹ̀ sí inú báàkẹ́ẹ̀tì kan náà, mo ní mò ń fi owó iṣẹ́ pamọ́. Èyí tí oòrùn kò pa nínú wọn, yúríà pa á. Láti ìgbà náà, ibòòji tó tutù ni mò ń fi tèmi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, n kì í sì í gbé e àti ajílẹ̀ sínú yàrá kan náà.

Irúgbìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi oògùn apakòkòrò tàbí oògùn àrùn pa irúgbìn tí ẹ rà láró, ẹ má ṣe fi bakitéríà kùn ún, nítorí oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ẹ dúró de ìgbà tí ẹ ó bá lọ́ ọmọ ìrẹsì. Bí kò bá sí oògùn lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi àpò bò ó títí ẹnu funfun yóò fi yọ lára rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Tamil Nadu, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ni gíráàmù 200 bakitéríà fún kìlógíráàmù 10 irúgbìn. Ìwọ̀n tó bá wà lára àpò tiyín ni kí ẹ gbà bí ó bá yàtọ̀ sí èyí. Omi ìrẹsì sísè tó ti tutù, tàbí ẹ̀kọ tó ṣàn díẹ̀, ni ẹ ó fi pò ó kó lè lẹ̀ mọ́ irúgbìn. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi kan gbogbo irúgbìn bákan náà, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ọmọ ìrẹsì bá pé nǹkan bí ọjọ́ 21, tí ẹ fẹ́ tú u lọ sí oko, ni àyè kejì yọ, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù. Fún éékà kan, ẹ pò gíráàmù 400 bakitéríà mọ́ omi lítà 16 nínú abọ́ fífẹ̀, omi odò tàbí ti kànga ni kó jẹ́, nítorí kẹ́míkà kọ̀lórí́ìnì inú omi ẹ̀rọ máa ń pa á. Ẹ di ọmọ ìrẹsì ní ìdì-ìdì, kí ẹ ki gbòǹgbò wọn bọ omi náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ẹ sì gbé abọ́ náà dání bí ẹ ti ń lọ́ ọ, kó má baà gbẹ. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín ìdí kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan.

NPK ti gbọ́dọ̀ wọ ẹrẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń tẹ́ ẹrẹ̀ kẹ́yìn ni kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i, kí ẹ sì pò ó wọnú ilẹ̀. Mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán sí àárín rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo bá lọ́ ìrẹsì, kí iyọ̀ rẹ̀ lè tú ká.

Yúríà ni a ń pín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá lọ́ ìrẹsì, nígbà tó bá ti ń yọ ọmọ, ẹ roko dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí omi oko fà títí ẹrẹ̀ nìkan yóò fi kù, kí ẹ tó fọ́n ìdajì àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ dá omi padà. Ẹni tó bá fọ́n yúríà sórí omi tó dúró nínú oòrùn yóò gbọ́ òórùn kan tó ń ta imú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀: owó rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run yẹn. Ìdajì kejì dúró de ìgbà tí ṣírí bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú igi. Fún FARO 44, irú ìrẹsì kan tó máa ń pọ́n láàárín ọjọ́ 110 sí 120, nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 55 lẹ́yìn tí ẹ gbin irúgbìn ni. Ẹ má ṣe fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣe é. Ẹ gé igi tó sanra jù nínú ìdí kan, kí ẹ fi abẹ là á sí méjì ní òró láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun kan tó ní irun múlọ́múlọ́, tí kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, lókè oríkèé tó kẹ́yìn, ọjọ́ náà ti pé. Bí ẹ bá ti dín yúríà kù sí kìlógíráàmù 24, ẹ fi 10 sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi 14 sí ti ìkejì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ìbílẹ̀ kò gbà tó bẹ́ẹ̀: ó ga, bí yúríà bá sì ti pọ̀ díẹ̀, yóò wó lulẹ̀ kó tó pọ́n.

Láti mọ̀ bóyá bakitéríà náà ṣiṣẹ́, ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òró, tí irúgbìn àti ọmọ ìrẹsì rẹ̀ kò kan bakitéríà rárá, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n ajílẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ìyókù. Òkè oko, níbi tí omi ti ń wọlé, ni kó wà, kí ẹ sì fi amọ̀ mọ ìdènà yí i ká, nítorí pé omi máa ń gbé bakitéríà lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe fi bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀ dájọ́, yúríà lásán lè fún yín ní ewé tútù. Nígbà ìkórè, ẹ gé ibi náà lọ́tọ̀, kí ẹ gé mítà 10 sí mítà 10 mìíràn níbi tí bakitéríà wà, kí ẹ pa méjèèjì, kí ẹ sá wọn bákan náà, kí ẹ sì gbé wọn sórí ìwọ̀n. Kìlógíráàmù kan tó bá fi ju èkejì lọ dúró fún kìlógíráàmù 100 lórí hẹ́kítà, òun sì ni ẹ ó fi wé iye owó bakitéríà kí ẹ tó mọ iye yúríà tí ẹ máa rà lọ́dún tó ń bọ̀.