Bí a ṣe ń gba àwo orin sílẹ̀ níwájú èrò: olórin kan, gìtá kan

Olórin tó ń kọ orin fúnra rẹ̀, tó sì ń ta gìtá sí i, kò nílò ju ìlà márùn-ún lọ (ìlà ni ọ̀nà tí a ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀): ohùn, gìtá láti inú wáyà, gìtá láti inú máìkì, àti máìkì méjì fún èrò.

Kọjú máìkì gìtá sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀, kó jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Má dojú rẹ̀ kọ ihò gìtá rárá, torí ìró ìsàlẹ̀ á máa hó, á sì bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀.

Máìkì èrò ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi ẹ̀mí sínú àwo. Gbé wọn sí etí ìtàgé méjèèjì, kí wọ́n kọjú sí èrò. Ìró ń lo nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 3 lórí mítà kan. Bí máìkì bá wà ní mítà 10 sí spíkà, ohùn á pẹ́ dé ibẹ̀ tó mílísẹ́kọ́ǹdù 30, á wá dà bí ẹni pé olórin ń gbe orin ara rẹ̀. Tí ẹ bá ń po orin, ìyẹn ni pé ẹ ń da àwọn ìlà pọ̀ di orin kan, ẹ fa ìlà èrò ṣáájú níwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà á ní 24 bit, 48 kHz, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń gba ohùn sílẹ̀. Nígbà ìdánwò, kí ohùn tó ga jù má kọjá -12 dB lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin. Bí èrò bá dé, olórin á kọrin sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn tó bá sì ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gba alẹ́ méjì. Inú àtẹ́wọ́ ni kí ẹ ti so wọ́n pọ̀, kì í ṣe inú orin.