Bí Mo Ṣe Kọ́ Òṣèlú Ẹgbẹ́ ní Ìlọrin

Ọmọ Kétu ni mí, ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbe Nàìjíríà. Sáà ẹ̀kọ́ kan péré ni mo wá lò ní Ìlọrin, olùkọ́ mi sì ní kí n kọ ojú ewé mẹ́wàá lórí ohun tí ó ń kó àwọn ará Ìpínlẹ̀ Kwara jọ sínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tàbí òmíràn. Mo rò pé iṣẹ́ náà kò le. Mo gbọ́ èdè, mo sì ti mú òṣùwọ̀n kan bọ̀ láti ilé: àwọn àgbà wa a máa sọ nípa àwọn olóṣèlú wa mẹ́ta, bí Apithy ṣe ní àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́yìn, tí Ahomadégbé ní àwọn ará Abomey, tí Maga sì ní ìhà àríwá, títí ó fi di pé ní ọdún 1970 wọ́n pín ipò olórí ìjọba láàárín ara wọn, ọdún méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò tíì kan Apithy tí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1972. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn Kwara: ẹ̀yà kan, ẹgbẹ́ kan.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni mo kọ́kọ́ ṣí. Abala 222 sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè láìka ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn sí, pé orúkọ àti àmì rẹ̀ kò gbọdọ̀ fara jọ ti ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kankan, àti pé Àbújá ni olú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Abala 134 tún sọ pé ẹni tí yóò di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, èyí tí í ṣe 24 nínú 36. Ẹni tí ó bá rántí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àtijọ́, bí NPC ṣe jókòó sí Àríwá, tí Action Group jókòó sí Ìwọ̀-Oòrùn, tí NCNC sì jókòó sí Ìlà-Oòrùn, kò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi kọ òfin báyìí.

Lẹ́yìn èyí ni mo fa ilà sí ojú ewé kan, mo pín in sí mẹ́rin: ọdún, gómìnà, ẹgbẹ́, ẹ̀yà. Apá kẹrin yìí ni ó kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Mo lọ kí bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò Gàmbàrí, ẹ̀gbọ́n onílé mi ni wọ́n, lẹ́yìn ìkíni mo sì bèèrè láìronú pé, “Alhájì, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ̀yà wo ni yín?” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ọmọ Ìlọrin ni mí. Láti Gòbìr ni baba ńlá mi ti wá, ọmọ Ọ̀fà ni ìyá tó bí bàbá mi, èdè tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì fi kọrin fún mi lẹ́yìn ìyá mi. Èwo lo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbẹ̀?” Ojú tì mí. Mo pa ìwé dé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ ìtàn Ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ fún mi, ẹgbẹ́ àwọn mẹ́kúnnù Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1955 sókè. Abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí bá Action Group da ọ̀rọ̀ pọ̀, ó sì gba ìgbìmọ̀ ìṣàkóso ìlú náà nípa ìbò, kí ìjọba Kàdúná tó tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1958. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni kò kúrò lọ́kàn mi: ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni “tálákà” ti wọlé sí ẹnu wa, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni “parapọ̀”. Ohun tí mo ń wá nínú ìwé ni àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti fi sọ ara wọn lórúkọ.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Onígbìn, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, nítorí ìbò ọdún 1983. Adamu Attah, ọmọ Ẹ̀bìrà, ni ó wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà fún ẹgbẹ́ NPN ní 1979, nígbà tí ilẹ̀ Ẹ̀bìrà ṣì wà nínú Kwara. Ní 1983, Cornelius Adébáyọ̀, ọmọ Òkè-Onígbìn, wọlé lábẹ́ UPN. Òṣùwọ̀n mi ìbá sọ pé Yorùbá dìbò fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n Olúṣọlá Sàràkí, tí í ṣe olórí NPN nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ni ó kẹ̀yìn sí gómìnà ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí ó sì ti Adébáyọ̀ lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta péré ni gómìnà tuntun náà lò kí àwọn ológun tó dé.

Nígbà tí mo padà sí Ìlọrin, mo pa “ẹ̀yà” rẹ́, mo kọ “ta ni ó tì í lẹ́yìn?” sí ipò rẹ̀, ojú ewé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Mohammed Lawal wọlé ní 1999 lábẹ́ APP pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Sàràkí. Wọ́n jà, Bùkọ́lá ọmọ Sàràkí sì fi PDP gba ipò náà ní 2003. Ní 2011, bàbá gbé Gbémisọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin kalẹ̀ nínú ACPN, Bùkọ́lá ti Abdulfatah Ahmed ará Ṣàárẹ́ lẹ́yìn nínú PDP, ti Bùkọ́lá sì ni ó borí. Ìgbálẹ̀ APC tí wọ́n fi wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2015 ni àwọn ará ìlú, pẹ̀lú igbe “Ó tó gẹ́”, fi gbá wọn jáde ní 2019.

N kò sọ pé ẹ̀yà kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú ìbò ààrẹ ọdún 2023, ìlà-oòrùn gúúsù dà fún Peter Obi bí omi. Ṣùgbọ́n Obi kan náà ni ó borí ní Èkó, Atiku sì borí ní Ọ̀ṣun, nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín. Olùkọ́ mi ka iṣẹ́ náà, ó sì ní kí n tún un ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí ó wà ní Kwara, lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje ti gúúsù nìkan ni mo rí parí kí sáà tó tán, Ọ̀fà ni ó sì gba àkókò mi jù.