Bí A Ṣe Ń Fọ Ewé Tí A Máa Jẹ Ní Tútù, Nítorí Kòkòrò Tí Apá Oògùn Ò Ká Mọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí iyanrìn la ṣe ń fọ létúùsì. Iyanrìn kì í pani. Ohun tí mo ń sá fún ni bakitéríà tó bá ìgbẹ́ ẹran àti omi ìdọ̀tí gun orí ewé látinú oko. Ẹran tí wọ́n ń fún ní oògùn apakòkòrò lemọ́lemọ́, èyí tí oògùn ò rí pa nínú kòkòrò inú rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù, tó ń bí sí i. Jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tí ara kòkòrò ń tẹ̀ lé, tó gbà á lọ́wọ́ oògùn sì sábà máa ń wà lórí plasmid, ìyẹn DNA kékeré tó rí roboto bí òrùka, tí kòkòrò kan lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún èkejì bí wọ́n bá fara kanra. Láti ọdún 1946 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ará Amẹ́ríkà, Joshua Lederberg àti Edward Tatum, ti fi hàn pé bakitéríà ń fún ara wọn ní jíìnì. Wọn ò sì ní láti jẹ́ irú kan náà: èyí tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan lè kó o fún èyí tó ń dá àìsàn sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí ewé, ì báà jẹ́ nínú ìfun wa lẹ́yìn tí a bá jẹun tán.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ fọ síńkì, ẹ ya ewé òde méjì mẹ́ta dànù. Ìyẹn ò le.

Omi ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan máa ń bu omi kún abọ́, á da létúùsì, kúkúńbà àti tòmátì sí i pọ̀, á wọ́n iyọ̀ lé e, á fi ọwọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Mo wo abọ́ náà lọ́jọ́ kan: omi ti pọ́n, kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ń léfòó, inú omi yẹn náà ló sì ti kó ewé tó fẹ́ gbé fún wa jẹ jáde. Bí ewé kan ṣoṣo bá gbé kòkòrò burúkú wọnú irú abọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ewé yòókù ló máa pín nínú rẹ̀. Iyọ̀ yẹn ò dá nǹkan kan dúró.

Ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn ni kí ẹ lò, ewé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa fi ìka ra á. Rírà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, torí bakitéríà máa ń lẹ̀ mọ́ ewé nínú nǹkan kan tó ń yọ̀, tí omi lásán ò lè ṣí. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa da omi mímọ́ láti inú kẹ́tùrù kí ẹ máa fọ̀. Kárọ́ọ̀tì àti kúkúńbà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun ni mo fi ń fọ̀ wọ́n. Ó dára ju èyí olówó ńlá lọ. Ẹ má gé ohunkóhun kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Tòmátì tí oòrùn ti mú gbóná, ẹ má jù ú sínú omi tútù: ó lè fa omi náà wọnú láti ojú ibi tí wọ́n ti já a.

Ọṣẹ ńkọ́? Rárá, á wọnú ewé, ẹ ó sì jẹ ẹ́. Omi tí a fi ń bó aṣọ, ẹ má dán an wò. Fínígà máa ń dín wọn kù díẹ̀, àmọ́ kò lè rọ́pò fífi ìka ra á.

Fífọ̀ tó dáa pàápàá kì í kó wọn tán. Nínú 10,000 bakitéríà, 100 sí 1,000 lè ṣẹ́kù sínú ihò ewé àti ojú ibi tó ti ya. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbẹ ewé, kí àwọn tó ṣẹ́kù má bàa rí omi fi bí sí i. Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń yí i. Mo máa ń dì í sínú aṣọ mímọ́, máa di etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, máa jáde síta, máa fì í yíká títí omi ò fi ta sí mi lẹ́sẹ̀ mọ́.

Pákó tí a fi gé ẹran tútù ò gbọdọ̀ kan ewé yìí. Bí ẹ bá gé e tán, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì, ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀. Níbi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, E. coli, irú bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun, máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú: ẹyọ kan á di 64 ní wákàtí méjì.

Èso wóró tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́, sísè ni tèmi. Inú ooru àti omi ló ti ń hù, kòkòrò á sì ti wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ló dá àjàkálẹ̀ àrùn E. coli sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 50. Májèlé E. coli náà ló ń pani, àmọ́ ó tún gbé jíìnì tó ń mú kí ọ̀pọ̀ oògùn irú penicillin má ràn án.

Ewé inú ọ̀rá tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ti fọ̀, ẹ má tún un fọ̀. Síńkì yín lè dọ̀tí jù ú lọ. Bó bá sì ti ń yọ̀ nínú ọ̀rá, ẹ dà á nù.