Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé Ọmọ: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ìwé Èsì

Owó tí mo ti ná sórí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ṣì ń dùn mí títí di òní. Ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà ni ó ní kí n máa wá lọ́dọọdún, mo sì ń lọ: mo ń sanwó káàdì, mo ń sanwó Pap smear (àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fá nǹkan díẹ̀ lára ọrùn ilé ọmọ láti wò ó bóyá ó ti ń yí padà), mo ń ti ìsọ̀ mi pa ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó sọ fún mi pé obìnrin tí èsì rẹ̀ bá dára lè fi ọdún 3 sí àárín àyẹ̀wò kan sí èkejì. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju "Ó dára, Màmá, ó di ọdún tó ń bọ̀" lọ. Wọn kì í fún mi ní ìwé kankan.

Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo ti lọ kí àbúrò mi tí ó bímọ, ni nọ́ọ̀sì kan ti là á yé mi. Kòkòrò HPV, tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nídìí gbogbo àrùn yìí. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin a máa lé e lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá lọ sábà máa ń lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2021 pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò HPV, èyí tí ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kí ó sì máa ṣe é lẹ́yìn ọdún 5 sí 10. Ẹni tí ó ní kòkòrò HIV yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25, yóò sì máa ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún 3 sí 5.

Mo pinnu pé ti HPV ni n óò ṣe. Dókítà ní kí n kó èsì àtẹ̀yìnwá wá, ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ní Iléṣà, àwọn tí ń tọ́jú fáìlì ní ọ̀dọ̀ dókítà ni fáìlì mi wà. Àwọn ti ọ̀dọ̀ dókítà ní lábù ni kò tíì fi èsì ránṣẹ́. Àwọn ti lábù ní àwọn ti fi í ránṣẹ́ tipẹ́. Nígbà tí ó sú wọn, ọ̀kan nínú wọn ní kí n kúkú sanwó kí àwọn tún un ṣe. Ara mi gbóná. Mo ní n kò ní san kọ́bọ̀, nítorí pé ohun tí mo ti rà ni mo wá gbà.

Rìsíìtì ni ó gbà mí, èmi kì í sì í da rìsíìtì nù. Ọjọ́ tí ó wà lára wọn ni ọkùnrin kan ní lábù fi tú ìwé ńlá wọn, tí ó sì rí orúkọ mi. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni ó dùn mí ju owó lọ: nínú ọ̀kan lára àwọn èsì tí wọ́n ní "ó dára" yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n gbà lára mi kò tó yẹ̀ wò, kí wọ́n tún un ṣe láàárín oṣù díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè mí. Kí ni àǹfààní kí obìnrin máa wá lọ́dọọdún bí kò bá sí ẹni tí ń ka èsì?

Àyẹ̀wò HPV fúnra rẹ̀ kò le. Wọn kò rí kòkòrò náà lára mi, ó sì di ọdún 5 sí i. Mo gba ìwé èsì, mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, mo sì kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ mi. Bí mo bá ní kí n gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, n óò ní kí ó má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí ó tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kí ó má ka ọdún kankan, dókítà ni kí ó lọ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lé ní 50. Ẹni tí ó bá ti tó ọjọ́ orí yẹn, tí èsì rẹ̀ méjì tẹ̀ léra wọn sì dára, lè dáwọ́ àyẹ̀wò dúró. Kò ní ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́, a sì ti ń tú àpótí rẹ̀ láti wá rìsíìtì.